Òkè Tí Kò Ga: Nígbà Tí Ìbàdàn Bá Wọ Inú Géèmù

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, tí kò jẹ́ kí n sinmi: kí ló dé tí Ìbàdàn fi máa ń sọnù bí a bá ti yà á sínú géèmù? Mi ò sọ pé àwòrán rẹ̀ kò dáa o. Páànù tó ti dógùn-ún wà níbẹ̀, Máíkírà wà níbẹ̀, ìyá alámàlà gan-an wà níbẹ̀ tòun ti ìkòkò gbẹ̀gìrì rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn á wò ó lójú fóònù, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ gbìyànjú." Ṣùgbọ́n bó bá ti rìn nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, á dúró gbagidi, á wá béèrè pé, "Níbo la wà báyìí?"

Géèmù tí mò ń sọ ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníkálukú ní ẹ̀dá tirẹ̀ tó ń gbé kiri, tí a ń wò látòkè bí ẹni pé ẹyẹ là ń bá fò, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táìlì kéékèèké tí a tò pọ̀. Ẹni tó bá ti ṣí Tiled rí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to táìlì di máàpù, ti mọ ibi tí mò ń lọ, mi ò ní padà sí bí a ṣe ń dá fáìlì tuntun sílẹ̀. Ìdáhùn tí àwa tí à ń ya irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fún ara wa ni pé máàpù náà kò tíì kún tó. A ó tún fi ilé kún un, a ó fi pátákó ìpolówó kún un, a ó da èèyàn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹrù ń pọ̀ sí i, ẹni tó sọnù ò tíì mọ̀nà.

Ẹni tó dúró ní Bẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo.

Èèyàn bọ́ sílẹ̀ nínú Máíkírà ní Bẹẹrẹ. Kò tíì gba ṣéńjì rẹ̀ tán tó ti gbójú sókè. Gbọ̀ngàn Màpó wà lọ́hùn-ún, lórí òkè rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀, níbi tó ti wà láti ọdún 1929. Bó ṣe rí i báyìí, ara rẹ̀ ti mọ apá ibi tó kọjú sí. Bó bá tilẹ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀pà, ìyá náà kò ní pe orúkọ títì kankan fún un. "Kọjú sí Màpó, ọmọ mi. Máa gòkè lọ. Tó o bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí rẹ̀, bi wọ́n léèrè níbẹ̀."

Ẹ wá gbé ẹni kan náà sínú géèmù. Táìlì wa jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì (ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú fóònù) 32 níbùú, 32 lóròó. Ojú fóònù gba táìlì 25 níbùú àti 14 lóròó. Ẹ̀dá tó dúró láàárín rẹ̀ kò rí ju táìlì 12 lọ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, kò sì rí ju 7 lọ níwájú tàbí lẹ́yìn. Màpó wà ní táìlì 40 sí i. Lójú ẹ̀dá yẹn, Màpó ì bá kúkú wà ní Ọ̀yọ́.

Bí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó so gbogbo àwọn tó ń gbá géèmù pọ̀, bá ń kọ ibi tí oníkálukú wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan (ó sì yẹ kó máa kọ ọ́), ẹ ó rí ìdúró yìí kedere nínú àkọsílẹ̀. Nọ́ńbà kan náà á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Á sún sọ́tùn-ún ní táìlì mẹ́ta, á padà. Á sún sósì, á padà. Lẹ́yìn náà á ṣí máàpù kékeré tó wà ní igun ojú fóònù, látìgbà yẹn lọ, máàpù kékeré yẹn ni yóò máa wò, kò tún ní wo ìlú tí ẹ fi oṣù mẹ́ta yà mọ́. Kì í ṣe pé ẹni náà kò gbọ́n. Ojú la gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ìlú tí a ń gbórí sókè mọ̀ ni Ìbàdàn, géèmù tí kámẹ́rà rẹ̀ ń wolẹ̀ kò sì ní ojú ọ̀run. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà 26, tó ga ní mítà 105, tí àwọn èèyàn ti ń fi júwe ọ̀nà láti ọdún 1965, bí a bá wò ó látòkè, òrùlé onígun mẹ́rin ló kù, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkè Màpó gan-an di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun gbogbo tí ojú ọ̀run ń ṣe fún ará Ìbàdàn, àfi ká wá bí ilẹ̀ yóò ṣe ṣe é. Kíkún máàpù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìrìn là ń wọ̀n

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn gba àwòrán Ìbàdàn tí sátẹ́láìtì yà, kó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ nínú Tiled, kó wá máa to táìlì lé e lórí. Ọ̀nà á bọ́ sójú ọ̀nà, ilé á bọ́ sójú ilé. Máàpù náà á péye, á sì kú fin-ín-fin-ín. Ẹni tó ń rìn ní Ọjà'ba ń gbóòórùn ẹja, ó ń kí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó ń yẹra fún ọ̀kadà. Ọgọ́rùn-ún mítà kì í sú u. Nínú géèmù, àtàǹpàkò ló fi ń rìn, ọgọ́rùn-ún mítà ògiri kò sì jẹ́ nǹkan míì ju ọgọ́rùn-ún mítà ògiri lọ.

Bébà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ibi méje sí i: Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà'ba, Òkè Ààrẹ, Ògùnpa, Dùgbẹ̀, Agódi. Ẹ fa ìlà láàárín wọn, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú-àáyá sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ mítà. Ẹ̀dá wa ń rìn táìlì 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹẹrẹ sí Màpó, ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó di táìlì 40. Bẹẹrẹ sí Òkè Ààrẹ, 20, ó di táìlì 80. Màpó sí Dùgbẹ̀, 35, ó di 140. Gbogbo ilẹ̀ náà lè wá jẹ́ táìlì 240 níbùú àti 240 lóròó, kí èèyàn là á kọjá ní ìṣẹ́jú kan péré. Kò sẹ́ni tó máa bínú pé Dùgbẹ̀ sún mọ́ Màpó jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé Dùgbẹ̀ sáàárín Bẹẹrẹ àti Màpó, ẹ wá ibi sá sí. Jíjìn lè parọ́. Ìtòtẹ̀léra kò gbọdọ̀ parọ́.

Òfin tèmi ni pé ìṣẹ́jú-àáyá 8 kò gbọdọ̀ kọjá, ìyẹn táìlì 32, kí ojú má rí ohun tuntun kan: igi kan, àtẹ àgbàdo sísun, ògiri tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àtàǹpàkò á ti sún lọ sórí WhatsApp.

Ìbú ọ̀nà náà ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà Máíkírà, táìlì 6. Ọ̀nà àdúgbò, táìlì 4. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, 2. Ẹ má ṣe é ní 1 láéláé, bó ti wù kí ó jọ ti agboolé tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀dá tí kọ̀ǹpútà ń wọ̀n lè jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 20 níbùú, ó sì yẹ kó gba inú 32 kọjá, ṣùgbọ́n ìka kò ṣeé darí tó bẹ́ẹ̀ lójú fóònù, èèyàn á máa gbá ògiri bí ọ̀mùtí. Èyí tó burú jù ni pé ẹnì kan tó bá fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ lè lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ó ti gbogbo àdúgbò mọ́lé. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dá ènìyàn kan máa dènà ẹ̀dá ènìyàn mìíràn. Kí wọ́n máa gba ara wọn kọjá bí òjìji.

Bí ilẹ̀ ṣe lè gbé òkè dìde

Nínú àwòrán tí a ń wò látòkè tó fì díẹ̀, ojú òkè tó kọjú sí wa nìkan là ń rí. Bèbè ọ̀hún, àfi etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá ya bèbè gíga kan ṣoṣo, táìlì 6 lóròó, wọ́n á ní òkè nìyẹn. Kò jọ òkè o, ògiri ilé ló jọ. Ẹ gé e sí pẹpẹ mẹ́ta, kí bèbè pẹpẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ táìlì 2, kí ilẹ̀ títẹ́ táìlì 5 tàbí 6 wà láàárín wọn, kí ilé wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ á gòkè, á sinmi, á tún gòkè. Ìgbà yẹn ni òkè á tó wọ ara ẹni tó ń gbá a.

Ẹ dín ìrìn kù pẹ̀lú. Táìlì 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá lórí ilẹ̀ títẹ́, táìlì 3 lójú òkè, kó padà sí 4 bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe é ní 2 o. Bó bá di 2, ẹni tó ń gbá a kò ní rò pé òkè lòun ń gùn, á rò pé dátà òun ló fẹ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa fóònù, á tún máa tàn án.

Páànù náà lè sọ ibi tí èèyàn wà. Àárín ìlú ló gbó jù, òde ló tuntun jù. Ẹ ya òrùlé kan náà ní àwọ̀ mẹ́rin, láti èyí tó pọ́n kuku bí amọ̀ dé èyí tó ń dán. Ní àyíká Màpó, nínú ilé mẹ́wàá, kí mẹ́jọ jẹ́ èyí tó ti dógùn-ún. Bí a bá ń lọ sí ìhà Bódìjà, kó máa dín kù títí tí yóò fi ku ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó máa ka òrùlé, ṣùgbọ́n ojú á ti mọ̀ bóyá òun ń wọlé tàbí òun ń jáde.

Etí ń gbọ́ kọjá ibi tí ojú rí. Ojú kò rí ju táìlì 12, ṣùgbọ́n a lè jẹ́ kí ariwo Ọjà'ba dé táìlì 40, kó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń jìnnà. Ohùn olójú kan ni kí ẹ lò, kí ẹ má lo sítẹ́ríò, kí géèmù fúnra rẹ̀ lè pín in sí etí ọ̀tún àti etí òsì. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó ń yípo tó, ní kílóbíìtì 96 fún ìṣẹ́jú-àáyá, gbogbo rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 360 lọ. Ibi tí ẹ ó ti mọ̀ pé ó burú ni ibi tí ìparí ìyípo náà ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí ọlọ́jà kan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gé e, èèyàn á máa gbọ́ "ẹ gbà á ní ẹgb—" ní gbogbo ààbọ̀ ìṣẹ́jú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òjìji. Ẹ rò ó wò: nínú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run ìlú, òjìji nìkan ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nílẹ̀. Ilé Kòkó tó ti di òrùlé lásán yẹn, ẹ ya òjìji tó gùn ní táìlì 20 fún un, dúdú tí a lè rí ilẹ̀ láti inú rẹ̀, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń bọ̀ kò tíì rí ilé náà rárá tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ṣú. Á dúró, ṣùgbọ́n irú ìdúró yìí yàtọ̀ sí ti Bẹẹrẹ: á tẹ̀ lé òjìji náà lọ wo ohun tó ni ín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Màpó, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé gogoro Òkè Ààrẹ, kí ó tán síbẹ̀. Bí gbogbo ilé bá ní òjìji gígùn, kò sí èyí tó ga mọ́. Kí gbogbo wọn sì ṣubú sí apá kan náà. Mo ti rí máàpù tí oòrùn mẹ́ta ń ràn nínú rẹ̀.

Àfonífojì ló ń sọ òkè

Ó ṣòro láti gbé ilẹ̀ sókè nínú irú géèmù yìí. Gbígbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ló rọrùn, ọ̀pọ̀ kì í sì í rántí. Bí èèyàn bá ń ti Màpó bọ̀ wá sí Dùgbẹ̀, Ògùnpa ló ń sọ fún un pé òkè lòun ti ń bọ̀. Omi kì í purọ́ ilẹ̀, ibi tó bá rẹlẹ̀ jù ló ń wá lọ. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò tíì gbàgbé bí odò náà ṣe ya wọ ilé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tó gbé ọkọ̀, tó gbé ilé, tó gbé èèyàn lọ. Nítorí náà, odò ni kí ẹ kọ́kọ́ yà kí ẹ tó ya òkè kankan. Omi táìlì 3, bèbè táìlì 2 lọ́tùn-ún, 2 lósì, kí gbogbo ọ̀nà tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó gòkè.

Afárá ló wá kù. Kò sí ẹ̀rí gíga tó lágbára tó o, nítorí ẹnì kan lè wà lórí rẹ̀ kí ẹlòmíràn máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ náà sì ni máàpù ti ń bàjẹ́ jù. Táìlì kan ṣoṣo ni, ká ní èyí tó wà ní 87 níbùú, 112 lóròó, èèyàn méjì dúró lé e ní gíga méjì. Ìpele ìdènà, ìyẹn àkọsílẹ̀ táìlì tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ àti èyí tí kò lè tẹ̀, bó bá jẹ́ 0 àti 1 lásán, kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹ fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gíga: 0 fún ilẹ̀, 1 fún orí afárá. Ẹ ya ìpele ìdènà méjì, ọ̀kan fún gíga kọ̀ọ̀kan. Ní ẹnu afárá méjèèjì, ẹ to táìlì àìrí tó ń yí nọ́ńbà náà padà. Nígbà tí ẹ bá ń ya ojú fóònù, àwọn tó wà ní 0 ni kó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà afárá, lẹ́yìn náà àwọn tó wà ní 1.

Táìlì àìrí yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bó bá jẹ́ ìlà kan péré, ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń já lè fò ó kọjá: sáfà rí i ṣáájú rẹ̀, ó tún rí i lẹ́yìn rẹ̀, kò rí i lórí rẹ̀ rárá. Nọ́ńbà gíga kò yí padà. Ẹ̀dá náà á wà láàárín afárá, ṣùgbọ́n lójú sáfà inú odò ló wà; á há síbẹ̀, òrùlé afárá á bò ó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rìn sójú kan. Ẹ fi ìlà náà ṣe méjì, kí sáfà sì yẹ gbogbo táìlì tó wà láàárín ibi tó ti kúrò àti ibi tó dé wò, kó má jẹ́ ibi tó dé nìkan. Ẹ fi nọ́ńbà gíga pa mọ́ pọ̀ mọ́ ibi tó wà. Bí iná bá lọ mọ́ sáfà lọ́wọ́ tí ẹ kò pa á mọ́, gbogbo ẹni tó wà lórí afárá ni yóò jí sínú omi.

Ibi tí a bá pè lórí

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Gbogbo ètò ìpele ló wà nínú òwe yìí. Mo máa ń lo márùn-ún: ilẹ̀; ohun tó tẹ́ sílẹ̀ bíi gọ́tà àti ẹní ọlọ́jà; ibi tí àwọn ẹ̀dá ń rìn; ohun tó ń bo orí, bíi òrùlé àti orí igi; àti ìdènà tí ojú kì í rí. Igi ọdán kan ṣoṣo pín sí ìpele méjì: ìdí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹsẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè orí. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sí ìpele kan á rí ẹ̀dá tó ń rìn lórí ewé.

Ìdènà kò gbọdọ̀ gba àlàfo igun. Bí ilé méjì bá fi igun kan ara wọn, tí géèmù sì gbà kí èèyàn rìn ní dágọ́nà, ìyẹn láti igun sí igun, á gba àárín wọn wọ inú agboolé tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Òfin rẹ̀ kò le: ìrìn dágọ́nà kò sí àyàfi bí táìlì méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ bá ṣí sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé máàpù jáde, ẹ da omi sí i. Ohun tí mo pè ní omi ni kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti Bẹẹrẹ, kó tàn dé gbogbo táìlì tí ẹsẹ̀ lè dé. Ibi tó bá gbẹ tó sì yẹ kó tutù, ẹnì kan máa há síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nọ́ńbà ni Tiled ń kọ sínú fáìlì, kì í kọ àwòrán. Òdo ni ibi tó ṣófo. Bí ẹ bá yí táìlì sí òdìkejì, ká ní ẹ fẹ́ kí ilẹ̀kùn táìlì 5 kọjú sí òsì, Tiled kò ní kọ 5 mọ́. 2147483653 ló máa kọ, nítorí ó ń fi bíìtì tó ga jù lọ (nínú àwọn 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà) ṣe àmì ìyípadà. Géèmù tí kò bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun yọ àmì yẹn kúrò kí òun tó ka nọ́ńbà á máa wá táìlì bílíọ̀nù méjì kiri, ojú á sì dúdú. Bí ẹ bá rí i pé ilẹ̀kùn apá kan ṣoṣo ló ń sọnù nínú ìlú yín, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Àrùn kejì máa ń pẹ́ kó tó farahàn. Láti òsì sí ọ̀tún, ìlà sí ìlà, ni wọ́n ń ka táìlì nínú àwòrán ńlá tí a kó wọn sí. Bí àwòrán náà bá gba táìlì 16 ní ìlà kan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì ni nọ́ńbà 16, nítorí láti 0 la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ní kí ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 20 kí ẹ lè fi páànù tuntun sí ẹ̀gbẹ́: èyí tó jẹ́ 16 ti di 20. Máàpù tó ti wà lórí sáfà kò gbọ́ ìròyìn náà. Ẹ ó jí lówùúrọ̀ kí ẹ bá odò Ògùnpa tí wọ́n fi àga oníresì kún. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa fà á gùn sí, ẹ má fẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti ìlà tín-ín-rín tó máa ń yọ láàárín táìlì bí kámẹ́rà bá ń sún, ẹ fa etí táìlì kọ̀ọ̀kan jáde ní píksẹ́ẹ̀lì 1 yí ká, kí ó di 34 sí 34 nínú àwòrán. Ó parí.

Ọjà tó kún jù

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà ni òwe yìí ń bá wí. Ká ní èèyàn 100 kóra jọ sí Ọjà'ba, tí sáfà ń sọ ìrìn ẹnì kọ̀ọ̀kan fún 99 yòókù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìránṣẹ́ 99,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí àwọn 100 yìí bá pín sí ibi mẹ́rin tó jìnnà síra, 25 níbì kan, 24,000 péré ló kù. Ẹ kò ra sáfà tuntun, ẹ kàn gbé báńkì lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ gbé alágbẹ̀dẹ lọ sí ibòmíràn, ẹ sì fi onírú àti aláṣọ sílẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá kó ohun gbogbo sójú kan ló ń kó ara rẹ̀ sí gbèsè.

Ẹ gé ilẹ̀ sí èkìrí, táìlì 16 sí 16. Ilẹ̀ 240 sí 240 á di èkìrí 225. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4, ìpele sì jẹ́ márùn-ún, nítorí náà èkìrí kan jẹ́ báìtì 5,120 kí a tó fún un pọ̀. Èkìrí mẹ́sàn-án tó yí ẹ̀dá ká nìkan ni kí fóònù gbà, báìtì 46,080, dípò báìtì 1,152,000 ti gbogbo ìlú. Ẹni tó ń ra dátà oníwọ̀nba mọ ìyàtọ̀. Ìròyìn ìrìn àwọn ẹlòmíràn náà, inú èkìrí mẹ́sàn-án yìí ni kó mọ.

Láyípo

Gbogbo òkè kọ́ la ń gùn. Òkè'Bàdàn ní ọdún tirẹ̀ àti olùṣọ́ tirẹ̀, ẹ má lọ da ẹranko burúkú sí ojúbọ kí ọmọdé lè rí nǹkan pa. Èyí tó bá oríkì mu ni kí ẹ fi síbẹ̀: òro àti ìgbín fún ẹni tí ebi ń pa, ìkarahun fún ẹni tó fẹ́ fọ́ ẹ̀kọ mu. Ọmọ ajòrosùn á rí i, á mọ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún un.

Èyí tí a gbọ́dọ̀ gùn ni ilé gogoro Òkè Ààrẹ, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 ní ìrántí Kápítéènì Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, tí àwọn ará ìlú sọ ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn 47 tó ń yípo nínú rẹ̀. Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo: ẹ̀gàn ni wọ́n máa ń fi gbólóhùn yìí ṣe, ṣùgbọ́n nínú géèmù, mo kà á sí ìlànà iṣẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti dá ojú padà fún ẹni tó ń gbá a. Ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí kámẹ́rà fà sẹ́yìn díẹ̀, láti táìlì 25 níbùú títí dé 75. Bí àtẹ̀gùn kan bá jẹ́ táìlì kan, ní táìlì 4 fún ìṣẹ́jú-àáyá, gígùn rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 12 lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí ojú bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta níbùú àti lóròó, táìlì tí fóònù máa yà di ìlọ́po mẹ́sàn-án, fóònù olówó pọ́ọ́kú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ má yà á ní táìlì. Ẹ ti ya gbogbo ìlú sí àwòrán kan ṣoṣo sílẹ̀, píksẹ́ẹ̀lì 4 fún táìlì kan, 960 sí 960, kí ó rọ́pò táìlì bí èèyàn bá ti kọjá àtẹ̀gùn ogún. Kò ní mọ́ gaara. Á ṣú díẹ̀, bí Ìbàdàn ṣe máa ń rí láti Láyípo nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ eérú díẹ̀ kún àwọn ibi tó jìnnà, kí Màpó dúró dáadáa láàárín páànù pupa, kí òjìji Ilé Kòkó nà bọ́ sára Dùgbẹ̀, kí Ògùnpa máa dán láàárín wọn.

Ẹ fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa rán ẹni tuntun sórí ilé yẹn. Kó gùn ún, kó wò, kó sọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ sáfà fún ìgbà tó bá tún kọjá ní Bẹẹrẹ. Nọ́ńbà kan ò ní jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin mọ́. Á wọ oríta náà, á yà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní táìlì mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá, máàpù kékeré igun ojú fóònù á sì wà ní pípadé.